Ohun Tí Bàbá Ìkòkò Ní Kí N Kọ Sílẹ̀

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Asẹ́ nínú ìtàn yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pẹ̀lú "mo" àti "èmi", ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fa ìwé náà ya. Ojú ń tì mí. Nítorí náà, n ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ obìnrin mìíràn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fara pamọ́. Ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é báyìí. Mo kàn fẹ́ lè sọ ọ́ dé òpin láì bomi là á ni.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe wóró ike. Wóró náà róbótó, kò ju orí abẹ́rẹ́ ìdáṣọmú lọ. Bí ẹ bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á máa yọ́ gba àárín ìka yín sálọ bí ẹni pé ó ní ibi tó ń lọ. Àwọn tó ń fọ omi fún àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n máa ń rà á. Wọn a kó o kún inú àgbá irin gíga, omi a gba àárín rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí a sì dúró sára wóró. Ṣùgbọ́n omi wúwo. Wóró tí kò bá le, omi á tẹ̀ ẹ́ fọ́, á di ìyẹ̀fun, á sì dí gbogbo páìpù pa. Kí ó róbótó nìkan kò tó. Ó ní láti le dénú.

Inú ìkòkò irin tó ga ju ènìyàn méjì lọ ni wọ́n ti ń sè é. Wọ́n á gbé omi gbígbóná síbẹ̀, wọ́n á po nǹkan bíi lẹ́ẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá da èròjà kan tó dà bí epo sí i. Apá irin kan á máa pò ó láìdúró. Epo náà á já wẹ́wẹ́ di ẹ̀kán róbótó-róbótó, ooru á sì mú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan le díẹ̀díẹ̀, bí ẹyin ṣe ń le nínú omi híhó. Wákàtí mẹ́jọ gbáko ni. Bí apá irin bá dúró láàárín kan, wóró á rí róbótó lójú, á máa dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ti sán. Ìkòkò kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ìsè kan.

Ẹni tó ń sè é ni Bàbá Ìkòkò. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nídìí rẹ̀. Á gbọ́wọ́ lé ara irin náà láàárọ̀, á ní, "Inú ń bí i lónìí, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè nítòsí rẹ̀." Àwọn ọ̀dọ́ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìsè tó bá ní inú ń bí, wọ́n á rí i ní ìrọ̀lẹ́ pé ooru rẹ̀ kò dọ́gba.

Kò mọ̀wé rárá. Kò sì fi ṣe nǹkan ìtìjú.

Ìyá Asẹ́ ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ náà. Asẹ́ irin tí wọ́n fi ń ya wóró kékeré kúrò lára ńlá ló ń fọ̀. Òun náà kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà náà. Bàbá Ìkòkò ló wò ó lọ́jọ́ kan tó di ìwé owó oṣù rẹ̀ mú ní ìdoríkodò, tó ní kó lọ wá ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà. Ó ní òun ò lè jókòó sórí àga tó kéré mọ́, orúnkún òun kò gbà á, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣì gbà á.

Iṣẹ́ asẹ́ kì í parí kí aago márùn-ún tó lù. Kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Fún ọdún mẹ́fà, Bàbá Ìkòkò ni ó ń fọ asẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn fún un, kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ọdún mẹ́fà, asẹ́ mẹ́rin lójúmọ́, ẹni tó jù ú lọ ní ogún ọdún.

Nígbà tó gbàwé ẹ̀rí, Bàbá Ìkòkò yìí kan náà ló lọ bá ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìyẹ̀wò. Wọ́n gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ń bá a kọ ìwé iṣẹ́. Bí ìsè kan bá parí, Bàbá Ìkòkò á sọ bó ṣe lọ, Ìyá Asẹ́ á kọ ọ́, Bàbá Ìkòkò á ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn ni ọ̀gá máa ń kà. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìkòkò ti ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Àwọn mẹ́ta mìíràn ló wà ní yàrá ìyẹ̀wò, ọmọ yunifásítì ni gbogbo wọn. Wọn kì í bú u. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ mu tíì, ọ̀kan á ní, "Ìyá Asẹ́, ẹ bá wa sẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ rẹ̀." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ẹ̀rín náà délé, á sì máa dùn ún níbi tí kò rọrùn láti fọwọ́ kàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí olórí yàrá ìyẹ̀wò ní òun ń kó lọ sí ìlú mìíràn. Àga rẹ̀ ṣófo. Àga lásán ni, ó ní táyà kékeré lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ìyá Asẹ́ kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pè é lọ́jọ́ Ajé kan. Ó ní àwọn tó ń fọ omi ń retí ìsè kọkànlélógójì, ọkọ̀ akẹ́rù á wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ nítorí wọ́n ti ń wo ẹlòmíràn. Ó wá fi ohùn tó rọ̀ sọ ọ́ pé, "Ìyá Asẹ́, bí ìsè yìí bá jáde láìsí wàhálà, àga yẹn, ẹ̀yin ni n ó fún."

Kò ní kí ó purọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ó purọ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n sè é. Nígbà tí wákàtí kẹfà ń lọ sópin, Ìyá Asẹ́ wọ yàrá ìkòkò pẹ̀lú ìwé iṣẹ́, ó bá Bàbá Ìkòkò lórí àkàbà, ẹ̀wù rẹ̀ tutù lẹ́yìn bí ẹni tí òjò pa. Bẹ́líìtì tó ń yí apá irin ti já. Ó ti fi ọ̀pá irin gbìyànjú láti máa fọwọ́ yí i, kò ṣeé ṣe, ó wá mú bẹ́líìtì mìíràn tó wà lára ògiri, ó fi rọ́pò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju òun nìkan lọ. Ó ti wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Ó sè é parí nítorí pé a kì í fi ìkòkò sílẹ̀ lágbedeméjì. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, tó jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó sì ní kí ó kọ ọ́.

"Kọ ọ́ pé bẹ́líìtì já ní wákàtí kẹfà, ọmọ mi. Kọ ọ́ pé apá irin dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Kọ ọ́ pé èmi tí mo sè é ni mo ní kí wọ́n dà á nù."

Ìyá Asẹ́ gbé bírò. Àga yẹn wá sí i lójú. Ó rò pé bóyá kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó rò pé yàrá ìyẹ̀wò á sọ. Ó rò ó pé ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, kí ni ìṣẹ́jú mẹ́tàlá nínú wákàtí mẹ́jọ? Bí ẹni fẹ́ jalè ṣe ń rò náà nìyẹn.

Ó kọ ọ́ báyìí: Ìsè kọkànlélógójì. Wákàtí mẹ́jọ. Ohun gbogbo lọ déédéé.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá."

Bàbá Ìkòkò ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, nítorí ó kórìíra kí ó dà rú. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Asẹ́ lọ yẹ wóró náà wò. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó bu ọgọ́rùn-ún wóró nínú àpò, kí ó má baà jẹ́ pé èyí tó lẹ́wà lẹ ṣà. Ẹ ó wá tẹ̀ wọ́n fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà á sì tẹ iye agbára tó fọ́ ọ jáde sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́. Àádọ́ta ni ó kéré jù. Ẹ kò lè fẹnu pa nọ́ńbà, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Wóró àkọ́kọ́ fọ́ ní mọ́kàndínlógún. Ìkejì ní mẹ́rìnlélógún. Ìkẹta dé àádọ́ta. Ìkẹrin kò dé ogún. Nígbà tó tẹ ogún wóró tán, ó dáwọ́ dúró. Ó ti mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ó ti yí padà nìyẹn, mo ti ro ibẹ̀ títí. Ìwé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè kọ ìyókù sí i. Ẹnikẹ́ni kò tíì kà á.

Ìgò kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní ìgò òṣùwọ̀n. Wóró ìsè kan tí Bàbá Ìkòkò sè ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Kò tíì sí èyí tó dára tó o láti ìgbà náà. Márùn-ún péré ni wọ́n máa ń mú nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kò parọ́. Ìyá Asẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìgò náà, ó ka ọgọ́rùn-ún jáde, ó tẹ̀ wọ́n fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlélọ́gọ́ta. Ọgọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń jáde, ó rẹwà. Ó fà á já, ó sì kọ orúkọ ìsè kọkànlélógójì sórí rẹ̀.

Kí ìgò má baà dín, ó fi ọgọ́rùn-ún wóró ìsè tuntun náà kún un, ó sì mì í pọ̀.

Ó fi iṣẹ́ rere ọkùnrin náà bo irọ́ tó pa mọ́ ọkùnrin náà. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé òun gbọ́n ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá Ìkòkò bi í lọ́sàn-án bóyá wọ́n ti da ìsè náà nù. Ó ní wọ́n ti kó o kúrò. Bàbá Ìkòkò mi orí, ó ní ó dùn òun, ṣùgbọ́n ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Asẹ́ jókòó sórí àga náà. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù di tirẹ̀ nìkan, òun nìkan ló sì ń fi ìgò òṣùwọ̀n yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "mà". Bàbá Ìkòkò wá kí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí bàtà rẹ̀ dọ̀tí, ó ní òun kàn fẹ́ wo bó ṣe rí lórí rẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà kí omi tó ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ra wóró náà tẹ ọ̀gá láago pé ẹ̀rọ àwọn ti dákú. Ohun tó yẹ kí ó jẹ́ wóró ti di ẹrẹ̀ funfun, ó ti wọ páìpù títí dé ibi tí wọ́n ti ń se omi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi ṣiṣẹ́. Wọ́n rán olùyẹ̀wò tiwọn wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo awò ojú tó nípọn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ẹrẹ̀ náà wá nínú ọ̀rá, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá bí ẹni gbé ẹja tó rà kalẹ̀.

Wọ́n pe gbogbo wa. Ẹ dárí jì mí. Wọ́n pe gbogbo wọn.

Ọ̀gá bi Bàbá Ìkòkò pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìsè kọkànlélógójì. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n dà nù ni? Ó wá ṣàlàyé bẹ́líìtì fún wọn, àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, àti pé òun ti ní kí wọ́n má lò ó. Kò ṣiyèméjì. Ó nawọ́ gbé ìwé iṣẹ́ lórí tábìlì, ó sì gbé e lé Ìyá Asẹ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ka ohun tí mo ní kí o kọ fún wọn."

Ìyá Asẹ́ ṣí ìwé náà. Ó pẹ́ kí ó tó rí ojú ewé náà, bẹ́ẹ̀ ó mọ ibi tó wà. Ó ka nọ́ńbà ìsè. Ó ka wákàtí mẹ́jọ. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Kà á sókè, mà," ni aláwò ojú wí.

"Ohun gbogbo lọ déédéé."

Ọ̀gá gba ìwé náà, ó yí i sọ́dọ̀ Bàbá Ìkòkò, ó bi í bóyá ìka rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ìkòkò tẹ̀ síwájú, ó wo àmì àtàǹpàkò náà, ó ní ìka òun ni. Ó wá wo Ìyá Asẹ́. Kì í ṣe ojú ẹni tó bínú. Ó wò ó bí ẹni tí ń dúró kí ẹnìkejì rẹ̀ parí ọ̀rọ̀.

Kò parí ọ̀rọ̀ kankan. Ó wo ilẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé láti sọ ọ́," ni Bàbá Ìkòkò wí. "Ọjọ́ orí ti ń lọ."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ bẹ́líìtì, kò sì sí nínú ìwé pé ó sọ ọ́. Ọ̀gá ní kí ó máa lọ sílé títí àwọn ó fi ránṣẹ́ pè é. Aláwò ojú ń wo ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó ní ohun kan kò yé òun: bí apá irin bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, báwo ni ọgọ́rùn-ún wóró ṣe le tó báyìí? Ó ní òun ń bọ̀ padà lọ́jọ́ kẹwàá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Asẹ́ lọ sílé Bàbá Ìkòkò. Ó ti pinnu láti sọ ọ́. Lójú ọ̀nà, ó ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ fi ń yẹ̀ fún un.

Ìyàwó Bàbá Ìkòkò ń rán aṣọ ní pálọ̀. Ó fún un lómi, ó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ rẹ̀ tó jáde. Ó ní ọkùnrin náà kì í sùn mọ́. Ó ní á jókòó, á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Ó ní lánàá, ó bi òun bóyá òun ti ṣe àkíyèsí pé nǹkan ti ń sọnù lórí òun. Láti ìgbà náà, òun ti gba ìṣáná àti kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun kò mọ ohun tó tún lè gbàgbé.

Bàbá Ìkòkò jáde síta. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí bí ẹni tí wọ́n kó ohun ìní rẹ̀ lọ. Ó kí Ìyá Asẹ́ dáadáa. Òun ló tún ń tù ú nínú. Ó ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ohun tó gbọ́ ló kọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé nǹkan.

Ẹnu Ìyá Asẹ́ là, ó sì pa dé. Ó mu omi náà tán. Ó ní ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni.

Àwọn kan nínú yín á ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù kọ́. Àga ni. Ó fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ kí ó sì tún gbé àga náà dání. Ó ti rí i pé irọ́ òun ti wọ inú orí ènìyàn, ó ń jẹ ẹ́ láti inú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Aláwò ojú dé lọ́jọ́ kẹwàá. Ọ̀gá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ó ní kí òun tó yẹ ohunkóhun wò, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń sòótọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìgò òṣùwọ̀n.

Ìyá Asẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ náà lè wà nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, láìmọ ohunkóhun, ní, "Mà, òun ló wà lọ́rùn yín yẹn."

Aláwò ojú mú wóró márùn-ún. Èkíní fọ́ ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èkejì ní ọgọ́ta. Ẹ̀kẹta ní méjìdínlógún. Ó dúró. Ó tẹ ẹ̀kẹrin, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ̀karùn-ún, ogún.

Ó ní ẹ̀rọ tó bà jẹ́ kì í bà jẹ́ báyìí. Ó da ìyókù sínú àwo funfun, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, ó sì mú ẹ̀mú kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Èyí tó ti pẹ́ ti pọ́n díẹ̀ bí oyin tó ṣàn. Èyí tuntun funfun bíi wàrà, ìlà kékeré sì wà nínú rẹ̀. Apá ọ̀tún, apá òsì. Apá ọ̀tún, apá òsì. Ó pẹ́ gan-an. Ẹnikẹ́ni kò jókòó. Ọmọ tó máa ń fi asẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ ti àga onítáyà yẹn wá sí ẹ̀yìn Ìyá Asẹ́, ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Kò lè jókòó sí i.

Nígbà tó parí, òkìtì méjì ló wà nínú àwo.

"Lọ́jọ́ tí ẹ yẹ ìsè kọkànlélógójì wò, wóró ta ni ẹ tẹ̀ fọ́?" ni aláwò ojú bi í.

"Ti Bàbá Ìkòkò ni."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Èyí tó sè ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn."

"Bẹ́líìtì tó ní òun sọ ńkọ́?"

Ìyá Asẹ́ wo ọ̀gá. Ọ̀gá ti gbójú sí fèrèsé.

"Ó sọ ọ́ fún mi. Mi ò kọ ọ́."

Ọ̀gá ní òun kò ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó kọ lẹ́tà tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá ìkòkò, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ á ti kà á, kí ó sì kọ́kọ́ gbé e lọ fún Bàbá Ìkòkò kí ó gbọ́ ọ. Ó kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa ń yìn ín.

Bàbá Ìkòkò wà lórí àga nígbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Asẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń sunkún. Bàbá Ìkòkò kò dá a lẹ́kun, kò sì ní kí ó dìde. Ohun kan ṣoṣo ló bi í.

"Nítorí náà, mo sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ lẹ sọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Mo sọ ọ́." Ìyàwó náà ti da aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bojú.

Ìyá Asẹ́ yọ lẹ́tà jáde, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá Ìkòkò gbọ́wọ́ sókè.

"Ìwọ kọ́. Gbé e fún un."

Ìyàwó rẹ̀ gba lẹ́tà náà, ó sì kà á sókè. Ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Mo ṣe àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà."

"Dúró níbẹ̀," ni Bàbá Ìkòkò wí. "Àṣìṣe ni èyí tí bẹ́líìtì ṣe. Bẹ́líìtì kò mọ̀ pé òun máa já. Ìwọ, ohun tí o ṣe ní orúkọ. Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Ìyá Asẹ́ tẹ́ lẹ́tà náà sórí ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí. Ó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ọ́ pé: Mo purọ́ mọ́ ọn, mo sì dákẹ́ nígbà tó ní kí n kà á. Ìyàwó náà tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìkòkò tẹ́tí títí dé òpin, ó ní ó tó, ó sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n pe ọkùnrin náà padà sídìí ìkòkò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹni méjì ló ń bá a ṣe ìwé iṣẹ́ báyìí: ọ̀kan á kọ ọ́, ẹlòmíràn á kà á padà sí i létí, kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé.

Wọn kò lé Ìyá Asẹ́. Bàbá Ìkòkò ló bẹ̀ wọ́n, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, kò sọ ọ́ fún mi. Asẹ́ ni wọ́n dá a padà sí. Ó ń fọ̀ ọ́ títí aago márùn-ún fi ń lù, ó sì ń fọ mẹ́rin tó kẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, tí ẹnì kan tí kò mọ̀wé ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ bá òun kọ ọ́, tàbí kí ẹ bá òun kà á, ọwọ́ yín ni orúkọ onítọ̀hún wà. Ẹ má ṣe bà á jẹ́ nítorí àga. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ má ṣe dúró kí ẹlòmíràn fi ẹ̀mú ṣà á jáde níwájú yín.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ìkòkò ni ibi tí wọ́n ti ń fọ asẹ́ kọjú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo, Bàbá Ìkòkò ní láti gba iwájú mi kọjá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó lè bí mi lọ́mọ, ọmọ rẹ̀ ló sì ń pè mí tẹ́lẹ̀. N ó ti kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kì í ya mí sílẹ̀ láìkí. Á dúró, á ṣí fìlà rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe fún àlejò tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ó máa ń wí.